Bí Mo Ṣe Fi Ẹ̀gúsí Dí Ìyá Àgbà Lọ́wọ́

Mo rántí ìgbà tí ìró tí mo fẹ́ràn jù láyé jẹ́ ìró òkúta wẹ́wẹ́ tó ń bọ́ sínú agolo mílíìkì. Ọmọ kan á jókòó sórí bẹ́ǹṣì níwájú mi, á gbé òkúta kan sún mọ́ etí rẹ̀, èmi á fi abẹ̀bẹ̀ bo ẹnu mi kí ó má baà rí ètè mi, màá wá pe “bá” tàbí “ṣí” tàbí “mù” sí i. Bí ohùn mi bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, á ju òkúta sínú agolo, kò! Bí kò bá dé ibẹ̀, á jókòó bẹ́ẹ̀, á máa wo abẹ̀bẹ̀ mi bí ẹni tí wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ síta. Bí a ṣe ń kọ́ àwọn ọmọ tí etí wọn kò gbọ́ dáadáa láti máa fetí sílẹ̀ nìyẹn, nínú yàrá kan tó wà lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Lọ́kọ́ja. Páànù yàrá náà máa ń gbóná débi pé láti aago mẹ́wàá òwúrọ̀ ni abẹ̀bẹ̀ yẹn ti ní iṣẹ́ méjì.

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mí nígbà náà. Ìlú kan lápá ìwọ̀ oòrùn Kogí ni mo ti wá, ìjọba ló gbà mí síṣẹ́ tíṣà, mo sì ń gbé ní àdúgbò Gadumo nínú yàrá kan pẹ̀lú pálọ̀. Wọ́n rán mi lọ sí ẹ̀kọ́ ọlọ́sẹ̀ mẹ́fà lórí ọ̀rọ̀ etí àti ohùn, mo sì padà dé bí ẹni pé èmi ni mo dá etí. Wọ́n fún mi ní fáìlì aláwọ̀ ewé kan níbẹ̀, gbogbo ohun tí ó yẹ kí ọmọ mọ̀ ọ́n pè wà nínú rẹ̀, ojú ewé tẹ̀lé ojú ewé. Ìyá tó ti bí ọmọ méje á fẹ́ ṣàlàyé bí èyí tó gbé lọ́wọ́ ṣe rí fún mi, èmi á gbé ọwọ́ sókè pé kó dúró ná, kí n kọ́kọ́ wo fáìlì.

Ọjọ́ Mọ́ńdè kan ni ìyá àgbà kan mú ọmọ ọmọ rẹ̀ obìnrin wá. Àgbẹ̀ ni bàbá àti ìyá ọmọ náà ní abúlé Ọ̀wọ́rọ̀ kan tí kò jìnnà sí Lọ́kọ́ja. Oko kò jẹ́ kí wọ́n ráyè, nítorí náà ìyá bàbá ọmọ ló gbé e, tó wá gba yàrá kan ní àdúgbò Kàbáwà kí ọmọ lè máa wá sí kíláàsì mi. Ọmọ ọdún márùn-ún ni. Àwọn aláàánú kan ti fún un ní ẹ̀rọ ìgbọ́ràn méjì, ó sì ń fọwọ́ kàn wọ́n ṣáá bí ẹni tí kòkòrò bà lé létí. Ìyá àgbà kí mi pé, “Okun o, tíṣà,” inú mi sì dùn, nítorí bí wọ́n ṣe ń kíra nílé wa náà nìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èdè Ọ̀wọ́rọ̀ rẹ̀ yàtọ̀ díẹ̀ sí tiwa. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, ọ̀rọ̀ dùn lẹ́nu rẹ̀. Àpá iná kan wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì rẹ̀, níbi tí agbada gààrí ti jó o nígbà tó wà lọ́mọge.

Ohun kan ṣoṣo ló béèrè lọ́wọ́ mi. “Ṣé á pè mí?” ni ó wí. “Ọmọ mẹ́sàn-án ni mo ti fi ọwọ́ mi tọ́, tèmi àti ti àwọn ọmọ mi. Gbogbo wọn ló pè mí ní Ìyá. Èyí nìkan ni kò tíì pè mí. Mo fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ kí n tó kú.”

Mo ní, “Á pè yín, Màmá. Bí ẹ bá ṣáà ti lè ṣe gbogbo ohun tí mo bá sọ.”

Lọ́sẹ̀ kejì, mo gun ọ̀kadà lọ sí Kàbáwà láti wo ilé tí ọmọ náà ń gbé, nítorí ó wà nínú fáìlì pé kí n ṣe bẹ́ẹ̀. Mo bá àwọn méjèèjì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọn kò rí mi. Ìyá àgbà ń sọ ìtàn, ọwọ́ ló sì fi ń sọ ọ́. Ó ju ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá sílẹ̀ láti òkè, òjò dé nìyẹn. Ó tẹ̀, ó ń ro ilẹ̀, bàbá ọmọ ló ń bọ̀ láti oko. Lẹ́yìn náà ó wú ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó ju èjìká, ó ń rìn bí ẹni tí ẹnu ọ̀nà kò gbà, ọmọ náà sì bú sẹ́rìn-ín. Onílé wọn, màmá Nupe kan tó sanra dáadáa, ni wọ́n fi ń ṣe yẹ̀yẹ́, òun náà sì jókòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ níbẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Ọmọ náà dá sí ìtàn náà. Ó fi ìka méjì kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì ara rẹ̀, níbi tí àpá ìyá àgbà wà, ó sì fi ọwọ́ béèrè nǹkan. Ìka méjì lẹ́rẹ̀kẹ́, ìyá àgbà ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọmọ tí mo ti kọ ọ́ sínú ìwé pé kò ní èdè kankan ló ń béèrè ọ̀rọ̀ yẹn, tó ń jiyàn, tó sì ń parọ́ bíi ti gbogbo ọmọ. Mo dúró níbẹ̀, mo rí gbogbo rẹ̀, ohun tó wá sí mi lọ́kàn sì ni pé mo ti rí ohun tí ń dí ọmọ yìí lọ́nà.

Wọ́n ti sọ fún wa níbi ẹ̀kọ́ pé ọmọ tó bá rí ọwọ́ lò kò ní í wá ohùn. Wọ́n tún sọ pé èdè kan ṣoṣo ni kí a fi bẹ̀rẹ̀. Nínú ilé yẹn, onílé ń sọ Nupe, obìnrin kan ń sọ Ebira, ẹni tó ń tún fóònù ṣe ní iwájú ilé ń sọ Ígálà, ọkùnrin Haúsá kan ń gbé omi wá láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, ìyá àgbà sì ń sọ Ọ̀wọ́rọ̀, ó tún gbọ́ díẹ̀ nínú ti gbogbo wọn. Mo ní etí tí kò lágbára kò lè gbé gbogbo èyí. Gẹ̀ẹ́sì ni wọn yóò fi ṣe ìdánwò fún un lọ́jọ́ iwájú, Gẹ̀ẹ́sì sì ni gbogbo ojú ewé fáìlì mi. Nítorí náà mo pe gbogbo ará ilé jọ lọ́sàn-án Sátidé kan, mo sì fi pijin là á yé wọn pé ẹni tó bá fẹ́ bá ọmọ yìí sọ̀rọ̀, Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni kó fi sọ ọ́, kó má sì ju ọwọ́ rárá.

“Even small Nupe, teacher?” ni onílé bi mí.

“Even small, Mama.”

Wọ́n gbà. Ìyẹn ló ń dùn mí jù nípa wọn, pé wọ́n gbà. Wọ́n fẹ́ràn ọmọ náà, wọn kò fẹ́ ba etí rẹ̀ jẹ́, nítorí náà ẹni tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì kàn dákẹ́ bó bá ń kọjá. Ọkùnrin olómi yẹn ní “gúdù mọ́nì” kan péré, ó sì ń sọ ọ́ fún un láàárọ̀, ó ń sọ ọ́ fún un nírọ̀lẹ́. Mo máa ń fi sọ àwàdà fún àwọn tíṣà ẹgbẹ́ mi.

Ìyá àgbà dúró títí gbogbo wọn fi tú ká. “Èmi tí n kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ńkọ́?”

“Ẹ ó máa gbọ́ ọ díẹ̀díẹ̀, Màmá. Fún ìsinsìnyí, ẹ kàn dákẹ́ ná.”

“Kí n dákẹ́ fún ọmọ mi? Títí dìgbà wo?”

“Títí á fi pè yín.”

Ó wo ọmọ náà, ó wo àwọn ọwọ́ ara rẹ̀, ó ní ó dáa.

Ṣùgbọ́n ọwọ́ ìyá àgbà kò gbọ́. Ó gbìyànjú láti jókòó lé wọn, ó dì wọ́n sínú ìró, síbẹ̀ bí ọmọ bá ti yọjú láti ilé ẹ̀kọ́ báyìí, wọ́n á ti jáde. Èmi ni mo ronú ẹ̀gúsí. Àwọn tó ń ta ẹ̀gúsí máa ń pín in fún àwọn ènìyàn ládùúgbò láti bá wọn bó o. Mo ní kí ìyá àgbà máa gba tirẹ̀, kí ó máa gbé atẹ lé itan nígbàkígbà tí ọmọ bá wà nílé, kí ọwọ́ rẹ̀ má baà ráyè. Ó ṣe é. Ó ń bó ẹ̀gúsí láti ọ̀sán títí di ìgbà tí ọmọ bá sùn. Mo kọ ọ́ sínú ìròyìn oṣù bí ọgbọ́n tuntun tí mo dá, ọ̀gá mi sì fa ìlà sábẹ́ rẹ̀, ó kọ “ó dára púpọ̀” sí i.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, ọmọ náà á lọ bá a, á fa àgbọ̀n rẹ̀ sókè, á fi ìka méjì kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ ara rẹ̀, á dúró. Ìyá àgbà á gbé ojú padà sórí atẹ. Onílé sọ fún mi pé ọmọ náà máa ń da ẹ̀gúsí náà nù sílẹ̀ nígbà mìíràn, pé ìyá àgbà á sì ṣà á lọ́kọ̀ọ̀kan láìbínú. Mo ní inú rẹ̀ á rọ̀. Ó sì rọ̀ lóòótọ́, nítorí lẹ́yìn oṣù díẹ̀ kò lọ fa àgbọ̀n ẹnikẹ́ni mọ́.

Ní kíláàsì, bí ọmọ bá gbé ọwọ́ sókè láti fi sọ̀rọ̀, mo máa ń fi rúlà kan ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀, màá ní, “Nó háǹsì. Tọ́ọ̀kì.” Ìyẹn ni pé kí ó gbé ọwọ́ sílẹ̀, kí ó fẹnu sọ ọ́. N kò nà wọ́n. Mo ṣì máa ń sọ bẹ́ẹ̀ fún ara mi títí di òní, pé n kò nà wọ́n. Lọ́jọ́ kan, mo ká ọmọbìnrin náà àti ọmọ mìíràn mọ́ ẹ̀yìn ilé ìyàgbẹ́, wọ́n ń fi ọwọ́ sọ̀rọ̀ lábẹ́lẹ̀. Ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ bo ẹnu, èkejì sì rẹ́rìn-ín. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó yé mi pé èmi ni. Orúkọ tí wọ́n sọ mí nìyẹn, obìnrin tó ń bo ẹnu. Mo gbé rúlà.

Kí n má purọ́, ọmọ náà gbọ́ ẹ̀kọ́. Òkúta rẹ̀ ń bọ́ sínú agolo ní kíákíá, kódà bí mo bá rẹ ohùn sílẹ̀. Ohùn tirẹ̀ náà jáde, ó kọ́kọ́ ń há, lẹ́yìn náà ó là. Ó pe “bá,” ó pe “fíìṣì,” ó pe orúkọ ara rẹ̀. Ní gbogbo ọjọ́ tí ìyá àgbà bá wá mú un, á bi mí pé ó kù bí èló, màá ní ó kù díẹ̀. “Gránmà” wà ní ojú ewé tó jìn nínú fáìlì, nítorí ohùn tí ń ti ọ̀fun wá ṣòro fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀. N kò ronú rẹ̀ rí pé “Ìyá” ni obìnrin náà ń béèrè, ọ̀rọ̀ fífúyẹ́ tí ọmọ náà ìbá ti pè láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì, nítorí náà kò sí lójú ewé kankan.

Ó ti lé lọ́dún kan nígbà tí wọ́n kọ̀wé pé àwọn ọ̀gá láti ilé iṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ ń bọ̀ wá wo kíláàsì wa ní ọjọ́ Túsìdeè kan. Ọmọbìnrin náà ni mo fẹ́ fi hàn wọ́n. A ń kọ́ “Gúdù mọ́nì, sà” láàárọ̀ àti lọ́sàn-án. Ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ìbẹ̀wò náà ni ẹ̀jẹ̀ ríru gbé ìyá àgbà ṣubú sẹ́yìn atẹ ẹ̀gúsí rẹ̀. Wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù, wọ́n gbé e padà, apá ọ̀tún kò ṣiṣẹ́ mọ́, ọ̀rọ̀ kò sì jáde lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Wọ́n ní kí ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, bàbá ọmọbìnrin náà, wá gbé e lọ sí abúlé.

Lọ́jọ́ Fúráìdeè, èmi fúnra mi mú ọmọ náà délé láti ilé ẹ̀kọ́. Ìyá àgbà dùbúlẹ̀ sórí ẹní, onílé jókòó tì í. Bó ṣe rí ọmọ náà, ó la ẹnu, ìró kan lásán ló jáde. Lẹ́yìn náà ọwọ́ òsì rẹ̀ yọ jáde láti abẹ́ aṣọ. Ó fi ìka méjì kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ lójú àpá. Ó yí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ po bí ife, ó gbé e lọ sẹ́nu. Òǹgbẹ ń gbẹ òun ló ń sọ. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ọwọ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀ láti ìgbà tí mo ti ní kí ó máa bó ẹ̀gúsí.

Ọmọ náà lọ kúnlẹ̀ tì í. Ó di ọwọ́ náà mú, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ sórí ẹní, ó sì sọ ọ́ ketekete, pẹ̀lú ohùn tó là jù lọ tí mo tíì gbọ́ lẹ́nu rẹ̀: “Nó háǹsì. Tọ́ọ̀kì.”

Èyí ni mo ní láti sọ, bó ti wù kó burú tó. Inú mi dùn. Kò pẹ́, kò tó ìgbà tí ènìyàn ń mí sínú tí á tún mí síta, ṣùgbọ́n inú mi dùn, nítorí pé ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ọmọ náà sọ ọ̀rọ̀ láìjẹ́ pé mo bi í, ọkàn mi sì ti ń wá ojú ewé tí màá kọ ọ́ sí nínú fáìlì. Ìgbà yẹn ni mo tó rí ojú ìyá àgbà. Kò bínú sí ọmọ náà. Ó fa ọwọ́ rẹ̀ padà sábẹ́ aṣọ, bó ṣe máa ń gbé ojú padà sórí atẹ.

Onílé bu omi fún un mu. Kò tilẹ̀ wo ojú mi. “Teacher,” ni ó wí, “na this one you teach am?”

Mo kúnlẹ̀. Mo fi ìka méjì kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi, mo nawọ́ sí ìyá àgbà, mo tún ṣe é, mo fẹ́ kí ọmọ náà mọ̀ pé mo ti gbà á láàyè, kí ó fi ọwọ́ dáhùn, kí ó pè é bó ṣe máa ń pè é tẹ́lẹ̀. Ó mi orí. Ó di ọwọ́ tèmi náà mú, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.

Bàbá rẹ̀ dé ní Sátidé pẹ̀lú mọ́tò. Ó fẹ́ mú ọmọ náà dání, èmi ni mo bẹ̀ ẹ́ pé kí ó fi í sílẹ̀ lọ́dọ̀ mi títí di Túsìdeè nítorí àwọn ọ̀gá. Ó wo ìyá rẹ̀ nínú mọ́tò, ó wò mí, ó ní, “Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n, tíṣà.” Lọ́jọ́ Túsìdeè, ọmọ náà dìde, ó ní “Gúdù mọ́nì, sà,” ó sọ orúkọ rẹ̀, wọ́n pàtẹ́wọ́, ọ̀kan nínú wọn nu ojú. Wọ́n ń jẹ ìpanu lọ́wọ́ ni fóònù mi dún. Ìyá àgbà ti kú láàárọ̀ ọjọ́ náà. Lẹ́yìn oṣù kan wọ́n fún mi ní ìwé ìyìn. Mo fi gíláàsì bò ó, mo gbé e kọ́ ara ògiri fún ọjọ́ mẹ́ta, mo sì sọ ọ́ kalẹ̀.

Ọmọ náà lọ ń gbé lọ́dọ̀ àbúrò bàbá rẹ̀ obìnrin, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń gbé ní Ganaja lẹ́gbẹ̀ẹ́ Lọ́kọ́ja. Wọ́n gbé èmi lọ sí ilé ẹ̀kọ́ mìíràn. Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, wọ́n tún pè wá sí ẹ̀kọ́, obìnrin tó kọ́ wa sì ní èdè tí ẹni tó fẹ́ràn ọmọ jù ń sọ nílé ni kí a fi bẹ̀rẹ̀, pé ọwọ́ kò sì pa ohùn ẹnikẹ́ni. Ó sọ ọ́ wẹ́rẹ́, bí ẹni ń sọ pé kí a máa fọ ọwọ́ kí a tó jẹun. Gbogbo wa kọ ọ́ sílẹ̀. Mo bọ́ síta lọ sẹ́yìn ilé, mo sunkún, inú sì bí mi sí i pé ó lè rọrùn báyẹn.

Lọ́dún tó kọjá, mo gbé aṣọ lọ sọ́dọ̀ télọ̀ kan ní Ganaja, lójú ọ̀nà Ajáòkúta, níbi tí ariwo kẹ̀kẹ́ kì í ti dá. Ọmọge tó wà nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ gbé ojú sókè, mo rí ẹ̀rọ ìgbọ́ràn lẹ́yìn etí rẹ̀. Òun ló kọ́kọ́ dá mi mọ̀. “Àǹtí tíṣà!” ni ó ké, ó sì dì mọ́ mi. Ó ń sọ̀rọ̀. Ó ń bá oníbàárà jiyàn lórí gígùn apá aṣọ, wọ́n sì ń gbọ́ ara wọn. Gẹ̀ẹ́sì nìkan ló gbọ́. Ó ní bí òun bá lọ sí abúlé, ìkíni ni òun àti bàbá òun máa ń bá ara wọn sọ mọ, lẹ́yìn náà wọ́n á jókòó.

Ó ń wọ̀n mí lọ́wọ́ nígbà tó béèrè. “Àǹtí, ìyá àgbà mi tí à ń gbé ní Kàbáwà,” ni ó wí ní Gẹ̀ẹ́sì, “ṣé odi ni? Gbogbo ohun tí mo rántí nípa rẹ̀ ni ẹ̀gúsí. N kò rántí pé ó bá mi sọ nǹkan kan rí.”

Mo gbé ọwọ́ mi sókè, mo fi ìka méjì kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì mi, mo sì fi wọ́n sílẹ̀ níbẹ̀, mo ń wo ojú rẹ̀. Ó tẹ̀ síwájú, ó wo ibẹ̀ dáadáa. Ó fa ègé aṣọ kan yọ lára èyí tó gé sílẹ̀, ó fi nu ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi. Ó ní kò sí nǹkan kan níbẹ̀ mọ́.

Mo sọ fún un pé ìyá àgbà rẹ̀ kì í ṣe odi, pé ọ̀rọ̀ dùn lẹ́nu rẹ̀. Ó ní kí ló wá dé tí kò bá òun sọ ọ́. Oníbàárà kan wọlé wá gba aṣọ lákòókò yẹn, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ oníbàárà náà nínú mi.

Aṣọ náà bá mi mu. Ó wà nínú àpótí, n kò tíì wọ̀ ọ́. Mo máa ń ronú pé ọjọ́ kan ni màá padà lọ dá a lóhùn, màá sọ fún un pé ó ti ń pe ìyá àgbà rẹ̀ tipẹ́, pé ìyá àgbà ń dáhùn, pé èmi ni mo gbé atẹ sáàárín wọn. Láti Gadumo, níbi tí mo ṣì ń gbé, sí Ganaja kò jìnnà. N kò tíì lọ.